Ọjọ́ Tí Àrá Pa Ẹnu Mọ́

Ohùn káfíńtà yìí kì í ṣe ohùn tí èèyàn ń fi ṣeré. Tó bá sín láàárọ̀, adìyẹ àdúgbò kejì á sáré yé ẹyin tó yẹ kó yé lọ́la. Tó bá ń pe ọmọ ẹ̀ wá jẹun, ọmọ ọlọ́mọ ní òpópónà kẹta á ti máa ṣan ọwọ́. Wọ́n tiẹ̀ ní ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ni àwọn ìṣó bá tú kúrò lára àga tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, wọ́n ń yí gbirigbiri nílẹ̀, wọ́n ń wá ibi sá sí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àga náà. Ìdí nìyí tí kò fi sẹ́ni tó rántí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ mọ́. Bàbá Àrá lọmọdé ń pè é, Àrá làgbà ń pè é, bí wọ́n bá sì ti pè é tán, wọ́n á fọwọ́ di etí kó tó dáhùn.

Ohun tó wá ya aráyé lẹ́nu ni pé Àrá yìí náà ló bí Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ ni àkọ́bí ẹ̀, ọmọbìnrin tó jẹ́ pé bó bá ń rìn, ilẹ̀ gan-an kì í mọ̀. Ìpín ohùn tó yẹ kó kan ọmọ náà, àfi bíi pé bàbá ẹ̀ ti kó gbogbo ẹ̀ sápò kó tó dáyé. Jẹ́jẹ́ yìí ló lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó kọ́ ọ dójú àmì, tó wá ku ìdánwò kan ṣoṣo nílẹ̀: kí Mètírọ̀nù, olórí gbogbo nọ́ọ̀sì ọsibítù, dúró tì í nínú wọ́ọ̀dù, kó fi ojú ara ẹ̀ wo bó ṣe ń tọ́jú aláìsàn. Bó bá yege, wọ́n á fún un ní bẹ́líìtì nọ́ọ̀sì gidi. Bí kò bá yege, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn, bí kì í bá ṣe ti Ìyá Àgbà. Ìyá tó bí Àrá ni Ìyá Àgbà, òun ló yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí egungun ìbàdí ẹ̀ dá. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n wá bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo káàkiri, wọn ò rí i níbì kankan àfi nínú wọ́ọ̀dù tí Jẹ́jẹ́ ti ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ òfin wà níbẹ̀ pé nọ́ọ̀sì tó bá wà lórí ìdánwò ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù tí ẹbí ẹ̀ dùbúlẹ̀ sí. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á gbé e kúrò níbẹ̀, ìdánwò á sì bẹ̀rẹ̀ látòkè. Orúkọ ilé bàbá tó bí Ìyá Àgbà ni wọ́n fi gbà á wọlé, torí náà kò sẹ́ni tó fura. Gbogbo ìgbà tí Jẹ́jẹ́ bá la ẹnu láti jẹ́wọ́, Ìyá Àgbà á já a léèkánná lábẹ́ aṣọ ìbora.

"Dákẹ́, ọkọ mi," ni ìyá náà máa ń sọ. "Ìbàdí mi ló dá, ọ̀nà tìẹ kọ́. Mi ò ní fi egungun tèmi dínà fún ẹ."

Bó ṣe wá di àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò nìyẹn. Kí Jẹ́jẹ́ tó jáde lọ síbi iṣẹ́, ó lọ bá bàbá ẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń fọ ẹnu.

"Bàbá."

"Ọmọ mi àtàtà!" Àrá dáhùn. Ìkòkò kan ṣubú nínú ilé ìdáná.

"Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí gan-an nìyẹn, Bàbá. Òní ni. Àkókò ìbẹ̀wò ni Mètírọ̀nù máa wò mí, ìgbà yẹn lẹ̀yin náà máa wá wo Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ọmọ yín ni mí. Ẹ má sọ ọ́ ní wọ́ọ̀dù, ẹ má sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì, ẹ má sọ ọ́ fún aránbàtà. Ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀. Á dé ọsibítù ṣáájú yín."

"Èmi! Ìgbà wo lèmi máa ń sọ̀rọ̀?"

"Lójoojúmọ́!" ni aládùúgbò kan kígbe láti òdìkejì ògiri.

Àrá fi omi ìfọnu búra, ó fi búrọ́ọ̀ṣì búra, ó ní bí òun bá sọ ọ́, kí ayùn òun kú mọ́ òun lọ́wọ́. Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kí i, ó lọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ, nǹkan kan gún bàbá náà lábẹ́ ìhà bí ìgbà tí ẹ̀gún pákó bá wọni lára. Ó ń wo ẹ̀wù funfun tí ọmọ náà fi irin lọ̀ títí tí ìlà apá ẹ̀ fi lè gé búrẹ́dì. Ó wo ara ẹ̀: lẹ́búlẹ́bú pákó nínú irun, ọ̀dà lábẹ́ èékánná. Ó ní, "Àbí ìdánwò kọ́? Àbí ojú mi ló ń ti ọmọ yìí?" Kò sọ ọ́ síta. Inú ló ti sọ ọ́, síbẹ̀ ológbò tó wà nítòsí dìde kúrò níbẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀ ò fún un láyè láti ronú. Télọ̀ ni Ìyá Jẹ́jẹ́, aṣọ ilé ìwé odidi kíláàsì kan ló kún iwájú ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kúrò lórí ẹ̀rọ láti ìgbà tí àkùkọ ti kọ. Kò gbójú sókè tó fi ń pín iṣẹ́.

"Bàbá Jẹ́jẹ́, ẹ mú Àbíkẹ́yìn lọ sí ilé ìwé. Ẹ gba bàtà Ìyá lọ́wọ́ aránbàtà, torí wọ́n ní àwọn ò lè fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ ọsibítù, pé ó tutù bí ọkàn onígbèsè. Fúláàsì oúnjẹ wọn nìyẹn. Aṣọ tí wọ́n á fi pààrọ̀ wà nínú báàgì. Bẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú Àbíkẹ́yìn wálé. Ẹ ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀."

"Ìwọ náà ti gbọ́?"

"Ta ni ò gbọ́? Ìgbà tẹ́ ẹ ń búra, okùn já lójú abẹ́rẹ́ mi."

Àbíkẹ́yìn, ọmọbìnrin kékeré tó gbẹ̀yìn gbogbo wọn, òun ni kò jẹ́ kí ohùn bàbá ẹ̀ parun. Ó di bàbá ẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n kọjá lọ láàárín òpópónà, ibi tí èrò pọ̀ sí jù lọ ló ti rántí ìbéèrè.

"BÀBÁ! Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ ò gbọdọ̀ sọ fẹ́nikẹ́ni pé Àǹtí Jẹ́jẹ́..."

Àrá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọmọ náà lẹ́nu, ó gbé e bí ìgbà tí wọ́n gbé pákó lé èjìká, ó sáré. Ó sáré débi pé àwọn èèyàn yà fún un, wọ́n rò pé iná ló ń jó níbì kan. Kò sọ ọ́ kalẹ̀ títí tó fi kọjá géètì ilé ìwé.

"Ọ̀rọ̀ yẹn, jẹ ẹ́," ló sọ fún un.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń jẹ ọ̀rọ̀, Bàbá?"

"Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni."

Ó dé ọ̀dọ̀ aránbàtà. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ àtikékeré ni aránbàtà yìí, ahéré onípáànù kan ló jókòó sí tí bàtà kún dé òrùlé. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu, ọjọ́ náà gan-an ni aránbàtà ní ìròyìn.

"Àrá! Wá gbọ́! Ọmọ mi ọkùnrin, wọ́n ti sọ ọ́ di awakọ̀ ọ̀gá! Ọ̀gá pátápátá! Bó bá ń wa ọkọ̀ lọ, ọ̀gá á jókòó sẹ́yìn, ọmọ mi á wà níwájú. Bi mí pé ta ló wá jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀?"

Àrá mi orí.

"Nínú gbogbo wa tá a jọ dàgbà ládùúgbò yìí, ta lọmọ ẹ̀ ti dé bẹ̀? Sọ ọ́! Dárúkọ ẹnì kan!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi wò ó. Ọ̀rọ̀ náà gbéra láti ìsàlẹ̀ ikùn Àrá. Ó gba àyà, ó gba ọ̀fun, ó ti ń kan ilẹ̀kùn eyín gbà gbà gbà. Ojú Àrá ràn, iṣan ọrùn ẹ̀ le bí okùn ìdákọ̀ró. Nígbà tó rí i pé ètè ti fẹ́ là, kò sí ọgbọ́n mìíràn mọ́, ó gba bàtà ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ aránbàtà, ó kì í bọ ẹnu.

Aránbàtà wò ó títí. "Ṣé o fẹ́ mọ̀ bóyá awọ gidi ni mo fi pààrọ̀ àtẹ́lẹ̀ ẹ̀ ni?"

Àrá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Awọ gidi ni. O lè yọ ọ́ lẹ́nu."

Àrá ò yọ ọ́. Ó fi owó sílẹ̀, ó juwọ́ sí i, bàtà lẹ́nu, ó sì gbọ́ tí aránbàtà ń sọ fún oníbàárà tó wọlé lẹ́yìn ẹ̀ pé, "Ìlara ni. Inú ẹ̀ ò dùn sí ọmọ mi." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún dé eegun ẹ̀yìn. Ní ọjọ́ mìíràn, ì bá padà, ì bá la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ títí páànù ahéré á fi ká kúrò lórí. Lónìí, ó gbé e mì, ó wọ bọ́ọ̀sì.

Bọ́ọ̀sì kì í ṣe ibi ìsinmi. Ẹni tó jókòó tì í ni obìnrin kan tó fi báńdéèjì wé ẹsẹ̀, ẹnu ẹ̀ ò sì dúró.

"Nọ́ọ̀sì ayé ìsinsìnyí!" ló ń wí. "Ìkà ni gbogbo wọn. Wọn ò lójú àánú, wọn ò ní sùúrù, ẹni tó bí wọn ò kọ́ wọn nílé. Àbí irọ́ ni mo pa, Baba?"

Ẹni tó bí wọn! Òógùn bo Àrá. Fúláàsì tó wà lórí itan ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ìdérí ẹ̀ ń ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó wo ojú fèrèsé, ó wo òrùlé, ó wo ìka ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Kò wúlò.

"Awakọ̀! Mo ti dé!"

"Baba, ẹ ò tíì dé ibì kankan. Àárín ọ̀nà la wà."

"Mo ti dé ibi tí agbára mi mọ!"

Ó bọ́ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ rin èyí tó kù, nínú oòrùn, pẹ̀lú báàgì, bàtà àti fúláàsì. Bí ẹlẹ́ṣin bá rí i lọ́jọ́ náà, á kí i fún ìyára.

Ilẹ̀ wọ́ọ̀dù náà mọ́ débi pé Àrá rí ihò imú ara ẹ̀ nínú ẹ̀ bó ṣe ń wọlé. Bẹ́ẹ̀dì tò sí ọ̀tún, bẹ́ẹ̀dì tò sí òsì, òórùn oògùn apakòkòrò ń ta èèyàn nímú. Ìyá Àgbà wà létí fèrèsé. Ní àárín gbùngbùn ibẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ dúró sí, ó ń fi ọwọ́ kan ìrọ̀rí aláìsàn kan, ó ń bá òmíràn sọ̀rọ̀, ẹ̀kẹta ń pè é, bó ṣe ń yíjú sí wọn, ara ń tù wọ́n. Àrá ò rí i lẹ́nu iṣẹ́ rí. Àyà ẹ̀ wú. Ó wú, ó wú, bọ́tìnì ẹ̀wù ẹ̀ kan já, ó fò kọjá bẹ́ẹ̀dì méjì, ó bọ́ sínú ife omi ẹni ẹlẹ́ni, pọ́ùn!

Jẹ́jẹ́ bojú wẹ̀yìn, ó rí bàbá ẹ̀. Ojú méjèèjì pàdé.

"Ẹ káàsán o, Nọ́ọ̀sì," ni Àrá wí. Ó rò pé òun rọra sọ ọ́ ni. Bí lọ́rì bá ń gun òkè, bó ṣe ń ró nìyẹn.

"Ẹ káàsán, Baba. Ṣé ìyá yín lẹ wá wò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni o. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á fún yín lágbára, Mà."

Mà! Ọmọ tó jẹ́ pé òun ló ń nu ìdí fún, tó ń gbé kọ́rùn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ọmọ náà ló ń kí ní "ẹ" àti "Mà" yìí, tó tún tẹrí ba lé e. Ìyá Àgbà fa aṣọ bo orí. Bẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí í mì jìgìjìgì.

"Ẹ wá o!" ni obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì kígbe. "Gìrì ti mú ìyá yìí!"

"Kò sí gìrì!" Ìyá Àgbà yọ orí síta, omijé ẹ̀rín lójú. Ó wá rántí ipa tiẹ̀, ó sì ṣe é kọjá ààlà. Ó nawọ́ sí Jẹ́jẹ́. "Ta ni ọmọdébìnrin yìí gan-an? Mi ò mọ̀ ọ́n rí láyé mi! Ojú ẹ̀ ò jọ ojú ẹnikẹ́ni nílé wa!"

"Ta ló bi yín, Ìyá?" ni ti bẹ́ẹ̀dì kejì. "Tẹ́ ẹ bá sì ní ká wò ó dáadáa, imú yín gan-an ló wà lójú ẹ̀."

"Imú? Imú pọ̀ láyé!"

Àsìkò yẹn ni Mètírọ̀nù wọlé. Obìnrin gíga, gbẹrẹgẹdẹ, dígí lójú, bàtà ẹ̀ kì í dún, ṣùgbọ́n gbogbo wọ́ọ̀dù mọ̀ pé ó ti dé torí kòkòrò gan-an jókòó dáadáa. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wo àwọn aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìka ẹ̀ wá dúró sórí Ìyá Àgbà.

"Ìyá yìí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, wọn ò gbà kẹ́nikẹ́ni gbé wọn dìde. Bí wọn ò bá dúró, ẹsẹ̀ yẹn á gan. Nọ́ọ̀sì, gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga. Mò ń wò ẹ́."

Ẹ̀rín kú lójú Ìyá Àgbà. Àwàdà ti tán. Ẹ̀rù ìbàdí yìí ń bà á lóòótọ́, ẹ̀rù tí kò sọ fún ọmọ, tí kò sọ fún ọmọ ọmọ. Ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú gírígírí. "Ó máa dá lẹ́ẹ̀kejì," ló ń wí, ohùn ẹ̀ kéré. "Ẹ fi mí sílẹ̀. Mo gbọ́ ìgbà tó dá níjọ́sí. Mo gbọ́ ọ."

Àrá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó rántí. Ó fi eyín ti ètè mọ́.

Jẹ́jẹ́ kò yára. Ó kúnlẹ̀, ó wọ bàtà fún ìyá náà, ó so okùn ẹ̀. Ó gbé àga wá, ó mì í wò bóyá ó dúró, ó tún un gbé. Ó ní, "Ìyá, mi ò ní gbé yín kí n tó sọ fún yín. Bẹ́ ẹ bá ní kí n dúró, màá dúró. Ẹsẹ̀ tó dáa lẹ máa gbára lé. Ẹ wo ojú mi, ẹ má wo ilẹ̀." Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ ìyá náà tú kúrò lára irin. Jẹ́jẹ́ yí i, ó sọ ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì kalẹ̀. Ó wẹ̀yìn wo nọ́ọ̀sì kejì tó yẹ kó dì í mú lápá kejì, nọ́ọ̀sì náà ti sá lọ sí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ń bì.

"Baba," ni Mètírọ̀nù sọ fún Àrá, "ẹ ṣáà lọ́wọ́. Ẹ di ìyá yín mú lápá ibẹ̀ yẹn. Ohun tí nọ́ọ̀sì bá ní kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ ṣe."

Àrá bọ́ sápá kejì, ó ki ọwọ́ sábẹ́ apá ìyá ẹ̀.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ohun kan nípa ṣọ́ọ̀bù Àrá. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, èèyàn méjì kì í gbé nǹkan láìpe ara wọn. Ìbáà ṣe kọ́bọ́ọ̀dù, ìbáà ṣe ilẹ̀kùn, ẹni iwájú á bèèrè, ẹni ẹ̀yìn á dáhùn, kó tó di pé nǹkan kúrò nílẹ̀. Ẹni tí kò bá dáhùn, kò sẹ́ni tó máa bá a gbé e, torí ìka ẹsẹ̀ kì í hù lẹ́ẹ̀kejì. Láti ìgbà tí Jẹ́jẹ́ ti lè di etí pákó mú ló ti ń ṣe é, ó ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Bó ṣe wá tẹ orúnkún báyìí, tó rí bàbá ẹ̀ lápá kejì, tí ẹrù tó ṣe iyebíye jù lọ láyé wà láàárín àwọn méjèèjì, ọkàn ẹ̀ kúrò lórí ìdánwò pátápátá.

"Bàbá, ó wà lọ́wọ́ yín?"

"Ó WÀ LỌ́WỌ́ MI!"

"Ìyá, ṣé ká lọ?"

Ìyá Àgbà tẹjú mọ́ Jẹ́jẹ́. "Ẹ lọ."

"Ó yá, òkè!"

Ìyá Àgbà dìde. Kò pariwo, kò sọkún. Ó dìde gbọnrangandan bí òpó ilé, ó dúró lórí bàtà tí aránbàtà pààrọ̀ àtẹ́lẹ̀ ẹ̀, ó wo ojú fèrèsé síta bí ẹni tó ń wo ayé láti orí òkè, ó ní, "Háà. Mo ga." Wọ́n yí i, wọ́n gbé e jókòó sórí àga, bí ẹyin. Gbogbo wọ́ọ̀dù pàtẹ́wọ́. Ti bẹ́ẹ̀dì kejì fi ṣíbí lu ife tí bọ́tìnì wà nínú ẹ̀.

Mètírọ̀nù nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó sún dígí sórí imú.

"Nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ náà dáa. Ṣùgbọ́n ìpè tó o pè yẹn kì í ṣe tiwa. Baba yìí sì mọ ìdáhùn ẹ̀. Níbo lo ti kọ́ ọ?"

Ìdánwò wà nílẹ̀ yẹn o, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sápò. Irọ́ kékeré kan ló kù. Àrá fúnra ẹ̀ sáré múra láti pa á. "Ẹ̀ẹ̀... Mà... ìpè yẹn... gbogbo ayé ló ń pè é... ẹja gan-an nínú omi..." Ahọ́n ẹ̀ lọ́. Ó ń wo ọmọ ẹ̀, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́, pé kò sóhun tó burú bí òun bá jẹ́ baba kan tí wọn ò mọ̀ rí. Ìyá Àgbà ti na èékánná.

Jẹ́jẹ́ nà ró.

"Ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni."

"Bàbá ẹ?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn tó wà níbẹ̀ ò tíì sinmi ẹ̀ ní sísọ. Ọmọ tí kì í gbóhùn sókè, ọmọ tí ilẹ̀ kì í mọ ìrìn ẹ̀, ó la ẹnu, ohùn tí wọ́n rò pé wọn ò pín fún un bá jáde ní odidi, tòun ti èlé orí ẹ̀.

"BÀBÁ MI NÌYÍ! Káfíńtà ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi pé èèyàn kì í gbé ohun tó lẹ́mìí bí ẹni gbé àpótí, pé àpótí gan-an, wọ́n ń bèèrè kí wọ́n tó gbé e! Ìyá wọn ló wà lórí àga yìí. Ìyá mi àgbà ni. Mo ti mọ òfin, Mà, ó sì yẹ kí n ti sọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé wọn wọlé. Mi ò sọ. Èmi ni mo jẹ̀bi, ẹ má bá wọn wí."

Gíláàsì fèrèsé ń ró wìnnìwìnnì. Ní wọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀, ìkókó mẹ́ta jí. Ẹ̀gún tó wà lábẹ́ ìhà Àrá láti àárọ̀ bá fà yọ fúnra ẹ̀, kò mọ ibi tó gbà.

Mètírọ̀nù yíjú sí Jẹ́jẹ́. "Òfin lòfin," ló wí. "Èyí tó o ṣe yìí, mi ò kà á."

"Háà!" ni gbogbo bẹ́ẹ̀dì.

"Mo ní mi ò kà á. Mi ò ní o ò ní ṣe òmíràn. Wá síbí."

Ó kọrí sí igun wọ́ọ̀dù. Ẹni tó wà níbẹ̀ ni Ọ̀gá Ilé-ìwé, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù tí wọn ò kó ìwé inú ẹ̀ kúrò, tó sì ti lérí pé ẹni tó bá fọwọ́ kan orúnkún òun, òun á nà án ní pàṣán níwájú gbogbo kíláàsì.

"Èyí náà, ṣé ẹbí ẹ ni?" ni Mètírọ̀nù bèèrè.

"Rárá, Mà."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n bá aláriwo tan," ni Ọ̀gá Ilé-ìwé dáhùn fúnra ẹ̀.

"Ó dáa. Èmi fúnra mi ni màá dì wọ́n mú lápá kejì. Baba, ẹ dúró sídìí ògiri yẹn. Bẹ́ ẹ bá sọ gbólóhùn kan péré, ó ti tán."

Gbogbo ìpalẹ́numọ́ tí Àrá ti ṣe láti àárọ̀, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀ síwájú Ọ̀gá Ilé-ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, kò yára, àfi bíi pé kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ọ̀gá bínú, ó gbọ́. Ọ̀gá kọ̀, ó tún gbọ́. Ọ̀gá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o lágídí," ó sì na apá fún un. Mètírọ̀nù mú apá kejì.

"Mà, ó wà lọ́wọ́ yín?" ni Jẹ́jẹ́ bèèrè.

Mètírọ̀nù mi orí.

Jẹ́jẹ́ ò mira. "Mi ò gbọ́, Mà."

Ẹ̀yin èèyàn! Mètírọ̀nù tí dókítà ń yà fún ní ọ̀nà! Àwọn nọ́ọ̀sì tó ti kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà di ara wọn mú. Mètírọ̀nù wo ọmọbìnrin náà. Ọmọbìnrin náà wò ó padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ẹrù.

"Ó wà lọ́wọ́ mi," ni Mètírọ̀nù wí.

"Ọ̀gá, ṣé ká lọ?"

"Ẹ máa lọ, kí n tó yí ọkàn padà!"

"Ó yá, òkè!"

Ọ̀gá Ilé-ìwé gbéra. Bẹ́ẹ̀dì kígbe, àga kígbe, Ọ̀gá ò kígbe. Ó dúró, ó wo gbogbo wọ́ọ̀dù yíká bí ẹni pé ó fẹ́ pe orúkọ àwọn tó wá sí kíláàsì, ó wá jókòó, ó ní, "Ọmọ yìí gba máàkì tó pé." Mètírọ̀nù gba atẹ́gùn sínú. "Lọ́la," ló sọ fún Jẹ́jẹ́, "wá gba bẹ́líìtì rẹ. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé lo máa lọ títí ìyá rẹ àgbà á fi relé. O fi òtítọ́ pa mọ́, ìyẹn ni ìyà ẹ̀. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ máa ń gé èèyàn jẹ."

Ariwo ta. Ti bẹ́ẹ̀dì kejì ló bèèrè láàárín ẹ̀ pé, "Ta ló bí irú ọmọ yìí gan-an?" Àrá kúrò lára ògiri. Àkókò ti tó! Ó gbé àyà sókè, ó fa atẹ́gùn débi pé aṣọ fèrèsé tẹ̀ sọ́dọ̀ ẹ̀, ó la ẹnu...

"Èmi ni!" ni Ìyá Àgbà gbà á lẹ́nu láti orí àga. "Èmi ni mo bí ẹni tó bí i! Ẹ wo imú ẹ̀! Mo ti sọ láti àárọ̀!"

"Ìyá, ẹ ní imú pọ̀ láyé!"

"Irú èyí ò pọ̀!"

Jẹ́jẹ́ ló ti bàbá ẹ̀ síta, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní àkókò ìbẹ̀wò ti tán, àwọn èèyàn fẹ́ sùn. Àrá wo ọmọ náà, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti kó jọ láti àárọ̀ há sí ẹnu ọ̀nà kan náà, kò sí èyí tó lè kọ́kọ́ jáde. Ó kàn fi ọwọ́ ọ̀dà ẹ̀ tún kọ́là ẹ̀wù funfun náà ṣe, tí kò wọ́ tẹ́lẹ̀. Àbàwọ́n ìka kan wà níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Jẹ́jẹ́ rí i, kò nù ún.

Àrá ò wọ bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì wo ló fẹ́ gba àyà yẹn? Ó rìn gba àárín òpópónà lọ sí ilé ìwé, ọkọ̀ ń fun fèrè fún un, ó ń juwọ́ sí wọn bí ẹni pé òun ni wọ́n ń kí. Ó pẹ́. Kíláàsì ti ṣófo, àga ti wà lórí tábìlì, Àbíkẹ́yìn nìkan ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíṣà ẹ̀, tíṣà sì ti gbé báàgì kọ́ èjìká.

"Bàbá Àrá," ni tíṣà wí, "àwọn òbí yòókù ti mú ọmọ wọn lọ tipẹ́tipẹ́. Mo fẹ́ lọlé. Kí ló dá yín dúró?"

Àrá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó sọ àga kan kalẹ̀ láti orí tábìlì, ó fi apá ẹ̀wù nu orí ẹ̀, ó gbé e síwájú obìnrin náà.

"Tíṣà," ló wí, "ẹ kọ́kọ́ jókòó."